Ọwọ́ Tó Ń Ṣeré, Ojú Tó Rántí Eré

Eégún aláré kì í bọ́ sójú agbo kó má júbà. Mo júbà àwọn tó ti ṣeré kọjá lọ. Mo júbà àwọn tó ń ṣe é lọ́wọ́. Ìbà lọ́wọ́ ẹ̀yin àgbà tó jókòó síwájú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ re.

Lọ́dọọdún, bí a bá ti gba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tíátà, òbí kan kì í ṣàì wá bá mi. Ìyá ọmọbìnrin kan ló wá kẹ́yìn. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó jókòó, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú sí mi o. Ijó àti eré tí gbogbo wa ti ń ṣe lójúde baba wa láti kékeré, kí ló wà níbẹ̀ tí ọmọ yóò fi odidi ọdún mẹ́rin kọ́?” N kò bínú. Ìbéèrè tó tọ́ ni. Ṣùgbọ́n èrò pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà, ìdáhùn tí mo fún un kò sì tẹ́ èmi gan-an lọ́rùn. Èyí tó kù nínú ìdáhùn ọ̀hún ni mo gbé wá síwájú yín lónìí.

Ẹsẹ̀ méjì ni ẹ̀kọ́ tíátà fi dúró. Ẹsẹ̀ kan ni ṣíṣe: bí a ṣe ń darí eré, bí a ṣe ń kan pèpéle, bí a ṣe ń rán aṣọ eré, bí a ṣe ń kun ojú òṣèré, bí a ṣe ń tan iná sórí ìtàgé, bí a ṣe ń kó ogún òṣèré jọ tí gbogbo wọn yóò sì dé lásìkò. Ẹsẹ̀ kejì ni ìtàn: ta ló ti ṣe é rí, níbo, fún ta ni, kí sì nìdí tó fi ṣe é báyìí tí kò ṣe é lọ́hùn-ún. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń fẹ́ ẹsẹ̀ kìíní, tí wọ́n sì ń fara da èkejì nítorí ìdánwò. Ohun tí mo ní í sọ kò ju ẹyọ kan lọ: nínú tíátà tiwa, ẹsẹ̀ méjèèjì kò ṣe é yà. Ẹni tó ń ṣeré tí kò mọ ìtàn, àfarawé ló ń ṣe. Ẹni tó mọ ìtàn tí kò ṣeré rí, àgbọ́sọ ló ń sọ.

Ẹ̀wù pupa lábẹ́ iná búlúù

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ara mi. Nígbà tí mo wà ní ọdún kejì nílé ẹ̀kọ́, iná ni wọ́n fi mí ṣọ́. Eré ọba ni a ń ṣe, Ṣàngó sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní kí n mú kí alẹ́ hàn lórí ìtàgé. Mo fi ike búlúù bo ojú gbogbo iná tó wà lókè, mo pa àwọn tó kù. Ọkàn mi balẹ̀ pé mo ti ṣe iṣẹ́ mi. Àfi bí Ṣàngó ṣe jáde. Ẹ̀wù pupa tí ọmọ kíláàsì wa kan fi ọ̀sẹ̀ méjì rán dúdú bí èédú lọ́rùn rẹ̀. Ẹ̀yin tó ń ṣiṣẹ́ iná mọ ìdí rẹ̀. Pupa tó wà nínú iná ni aṣọ pupa ń dá padà sójú wa. Iná tí kò bá ní pupa nínú, aṣọ pupa kò rí nǹkan kan dá padà, ló bá dúdú.

Lẹ́yìn eré, olùkọ́ wa kò pariwo mọ́ mi. Ìbéèrè méjì ló bi mí. Èkíní: “Àwọ̀ wo lo fi sójú iná?” Mo dáhùn. Èkejì: “Kí nìdí tí Ṣàngó fi ń wọ pupa?” Mo dákẹ́. Mo ti ka pupa yẹn sí ẹ̀ṣọ́ lásán. Ẹni tó mọ ìtàn mọ̀ pé pupa ni iná tó ń jáde lẹ́nu Ṣàngó, pupa ni aṣọ tí àwọn ẹlẹ́gùn rẹ̀ ti ń wọ̀ jó kí ẹnikẹ́ni tó kan ilé tíátà olórùlé nílẹ̀ yìí. Bí mo bá ti mọ̀ pé aṣọ yẹn gan-an ni òrìṣà tí àwọn òǹwòran wá wò, ǹ bá ti fi iná kan sílẹ̀ fún un láìbò. Àṣìṣe ọwọ́ ni gbogbo ènìyàn rí lálẹ́ ọjọ́ náà; àìmọ̀tàn ló bí i.

Ohun tí àlejò rí ní Ọ̀yọ́ Ilé

Bí ìtàn ṣe wúlò fún ọwọ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí a wo bí ọwọ́ náà ṣe wúlò fún ìtàn.

Ní oṣù Èrèlé ọdún 1826, Hugh Clapperton, ará Scotland, àti ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ Richard Lander, wà ní Ọ̀yọ́ Ilé, ìlú tí wọ́n ń pè ní Katunga nínú ìwé wọn. Aláàfin ní kí wọ́n wá wo eré. Clapperton kọ ohun tó rí sílẹ̀, àkọsílẹ̀ náà sì wà lára èyí tó pẹ́ jù lọ tí ọwọ́ wa tẹ̀ nípa àwọn eégún aláré. Apá mẹ́ta ló ní eré náà ní. Ní apá kìíní, àwọn tó wọ àpò bora látòkè délẹ̀ ń jó, wọ́n ń tàkìtì. Ní apá kejì, òjòlá yọrí láti inú àpò, ó ń wá bí yóò ṣe bu ọkùnrin tó mú idà lọ́wọ́ jẹ. Ní apá kẹta, ẹnì kan ṣoṣo dúró láàárín agbo, àpò tó wà lára rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ díẹ̀díẹ̀. Orí funfun yọ. Àwọn èrò pariwo ayọ̀. Àpò náà ń bọ́ lọ títí ó fi ku odidi òyìnbó kan lójú agbo, ó rù, òtútù ń mú un. Ó ń fín aṣáà, ó ń fọwọ́ rawọ́, ó sì ń rìn gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò fẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ rí. Àwọn obìnrin sì ń kọrin láàárín apá kan sí èkejì.

Ẹ jẹ́ kí a tú eré yìí palẹ̀ bí a ṣe ń tú u nínú kíláàsì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ ìwé nìkan yóò kọ ọ́ pé: ọdún 1826, Ọ̀yọ́ Ilé, apá mẹ́ta. Kò ṣì í, ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ló mọ. Ẹni tó ti fọwọ́ rán aṣọ eré rí yóò béèrè pé, báwo ni àpò yẹn ṣe ń bọ́ díẹ̀díẹ̀ tí kò já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà? Ṣé ẹni tó wà nínú rẹ̀ ló di etí rẹ̀ mú ni, àbí okùn ló wà níbẹ̀? Kí ni wọ́n fi kun ara rẹ̀ tí kò fi rẹ̀ dànù nínú ooru àpò? Ta ló wà nínú òjòlá, báwo ló sì ṣe ń rí ọ̀nà? Ẹni tó ti darí eré rí yóò tún rí ohun mìíràn. Yóò rí i pé ẹni tó to eré yìí mọṣẹ́: ó fi ijó pe èrò jọ, ó fi òjòlá bà wọ́n lẹ́rù, ó wá fi ẹ̀rín sí ìparí. Orin àwọn obìnrin kì í ṣe orin lásán. Ó ń fún àwọn tó wà lẹ́yìn láyè láti múra. Yóò sì rí i pé aláré tó ṣe òyìnbó ti fara balẹ̀ wo ẹsẹ̀ òyìnbó dáadáa. Irú wíwò bẹ́ẹ̀ ni a ń kọ́ àwọn ọmọ yín títí di òní, tí a ń pè ní ẹ̀kọ́ ìṣeré.

Gbogbo èyí wà nínú ọ̀rọ̀ Clapperton, òun fúnra rẹ̀ kò sì mọ̀ pé òun kọ ọ́. Ojú tó ti ṣeré ló ń rí i. Clapperton kú sí Ṣókótó ní 1827. Lander ló kó ìwé rẹ̀ padà sílé, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1829. Bí ẹrù yẹn bá ti sọnù lọ́nà, a kì bá tí mọ òyìnbó inú àpò náà rárá. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Mo máa padà sórí rẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Joel Adédèjì kò fi mọ sórí ìwé àlejò. Ní 1969, ó parí iṣẹ́ ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ìbàdàn lórí tíátà Alárìnjó, ìyẹn tíátà àwọn eégún aláré. Ó gbọ́ tẹnu àwọn ìdílé eléégún, ó gbọ́ iwì, ó tọ oríkì lẹ́sẹẹsẹ títí dé ọ̀dọ̀ Ológbin Ológbòjò, àgbà eégún aláré ní ààfin Ọ̀yọ́. Ó fi hàn wá pé eré yẹn ní ètò: ìjúbà, ijó, idán, àti orin ìkádìí. Ohun tí àwọn kan ń pè ní eré ojúde di ẹ̀kọ́ tí a ń fi gboyè.

Ìbàdàn, 1962

Ní 1962, ọdún tí Ìbàdàn bọ́ kúrò lábẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù tó di yunifásítì adádúró, ni wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ eré oníṣe sílẹ̀ níbẹ̀. Rockefeller Foundation ti Amẹ́ríkà fowó ràn án lọ́wọ́; Geoffrey Axworthy sì ni olùdarí rẹ̀ àkọ́kọ́. Ilẹ̀ ti gbóná kí ó tó dé. Ní 1961, Dàpọ̀ Adélugbà, Alfred Opubor àti Brownson Dede ti mú eré Molière, ará Faransé, wọ́n sọ ọ́ di ti ilé wa, wọ́n pè é ní *That Scoundrel Suberu*. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń gbé eré wọn kúrò nínú ọgbà lọ bá àwọn ará ìlú níbi tí wọ́n wà.

Ṣùgbọ́n nǹkan tó ṣẹlẹ̀ láàárín ilé ẹ̀kọ́ yìí àti Kọ́lá Ògúnmọ́lá ni mo fẹ́ kí ẹ gbé yẹ̀ wò. Ògúnmọ́lá kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́. Ó ti ń kó ẹgbẹ́ tíátà tirẹ̀ kiri fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹgbẹ̀rún ènìyàn ló sì mọ orúkọ rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ náà gbà á fún oṣù mẹ́fà. Eré *Ọ̀mùtí* ni wọ́n jọ ṣe, láti inú ìwé tí Amos Tutùọlá tẹ̀ jáde ní 1952. Demas Nwoko, tó kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Zaria tó sì lọ kọ́ ti tíátà ní Paris, ló ronú bí orí ìtàgé àti aṣọ yóò ṣe rí. Ní 1963, wọ́n gbé e jáde ní Arts Theatre ti yunifásítì.

Ta ló kọ́ ta? Ilé ẹ̀kọ́ ní iná, ó ní àwòrán ilé tí a fi ń kan pèpéle, ó ní ètò ìfidánrawò. Ògúnmọ́lá ní ohun tí kò sí nínú ìwé kankan níbẹ̀: bí òṣèré ṣe ń fi ojú lásán mú ẹ̀rín jáde lẹ́nu òǹwòran, bí ọ̀rọ̀ ṣe ń di orin láìsí pé ẹnikẹ́ni mọ ibi tó ti yí padà, bí a ṣe ń ka èrò tó jókòó kí a tó yan ọ̀rọ̀ tí a máa sọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ibi tí ọwọ́ méjèèjì ti pàdé ni *Ọ̀mùtí* ti wá. Mo sọ ọ́ níbi gbogbo tí mo bá dé: lọ́jọ́ tí yunifásítì pe onítíátà wọlé láti wá ṣiṣẹ́ ni ẹ̀kọ́ tíátà di ẹ̀kọ́ nílẹ̀ wa.

Ọ̀nà náà kò tẹ́jú. Ní 1967, wọ́n fi Wọlé Ṣóyínká jẹ olùdarí ilé ẹ̀kọ́ náà. Ọdún yẹn gan-an ni ìjọba gbé e sátìmọ́lé, kò sì jáde títí di 1969. Síbẹ̀ iṣẹ́ kò dúró. Dexter Lyndersay, ọmọ Trinidad, wà lára àwọn tó ń kọ́ wọn ní iṣẹ́ iná àti ti orí ìtàgé. Nígbà tó fi di 1970, ilé ẹ̀kọ́ náà ti di ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tíátà tó dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ní Òṣogbo àti ní Ifẹ̀

Ẹ má rò pé inú ọgbà yunifásítì nìkan ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Dúró Ládiípọ̀ ti Òṣogbo bẹ̀rẹ̀ láti inú orin ìjọ. Ó mú ìlù wọ ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kan sì bá a wí. Ní 1962 ni wọ́n dá ibùdó iṣẹ́ ọnà Mbari Mbayo sílẹ̀ ní Òṣogbo. Ládiípọ̀ jókòó ti àwọn onílù, ó jókòó ti àwọn tó mọ oríkì, ó kọ́ bí Ṣàngó ṣe ń sọ̀rọ̀ àti bí bàtá ṣe ń dá a lóhùn. Iṣẹ́ òpìtàn nìyẹn, bí a kò tilẹ̀ fún un ní fìlà oyè lórí rẹ̀ nígbà náà. Ní 1963, *Ọba Kòso* jáde. Ní 1964, wọ́n ṣe é ní Berlin, níwájú àwọn Jámánì tí kò gbọ́ Yorùbá. Ìlù tó péye, ijó tó péye, aṣọ tó péye ló ṣe ògbufọ̀ fún wọn, ìtàn ló sì mú kí wọ́n péye.

Ní Ifẹ̀, Ọlá Rótìmí ti kẹ́kọ̀ọ́ dé ní Boston àti Yale. Kò gbé ẹ̀kọ́ náà pamọ́ sínú ọgbà. Ẹgbẹ́ Orí Olókun ṣe eré rẹ̀, *The Gods Are Not to Blame*, ní 1968, nínú ìlú, níbi tí àwọn onílù àti àwọn ará àdúgbò ti wà lára òṣèré. Ẹ wo ohun tí Rótìmí ṣe níbẹ̀. Ó mú eré Sophocles ti Gíríìkì nípa ọba tó pa baba rẹ̀ láìmọ̀, eré tó ti lò tó 2,400 ọdún, ó sì gbìn ín sí ilẹ̀ Yorùbá. Ẹni tí kò kọ́ ìtàn tíátà àwọn Gíríìkì kò lè ṣe èyí. Ẹni tí kò mọ òwe, ìlù àti ààfin náà kò lè ṣe é. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ó gbé *Kurunmi* jáde láti inú ogun Ìjàyè, tó jà láti 1860 sí 1862. Ìtàn ni igi tó fi kan pèpéle rẹ̀.

Ohun tó ń sọnù lójú wa

Mo ní mo máa padà sórí ẹrù Lander. Ìdí rẹ̀ nìyí.

Hubert Ògúndé fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ nítorí tíátà. Ní 1944 ni ó gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Glover Hall, l'Ékòó. Ní 1945, nígbà ìdaṣẹ́sílẹ̀ ńlá àwọn òṣìṣẹ́, ó ṣe *Strike and Hunger*. Ní 1964, ó ṣe *Yorùbá Ronú*, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sì fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tó kú ní 1990, ó ti fi ọdún tó lé ní ogójì ṣe tíátà. Ní àsìkò kan, ṣe ni wọ́n ń pe irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ní alágbe. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ iṣẹ́ yẹn di iṣẹ́ tí ọmọlúàbí lè fi ṣayọ̀.

Ṣùgbọ́n mélòó nínú eré wọn la ní odindi? Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tíátà alárìnkiri kì í kọ gbogbo ọ̀rọ̀ eré sílẹ̀ nígbà náà. Ọ̀gá yóò sọ ìtàn, yóò pín ipò, òṣèré yóò wá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nígbà ìfidánrawò, yóò sì tún un ṣe bó ṣe ń ti ìlú kan dé èkejì. Orí àwọn òṣèré ni ìwé eré wà. Karin Barber, onímọ̀ nípa tíátà Yorùbá, mọ èyí. Nígbà tó fẹ́ kọ nípa ẹgbẹ́ tíátà Oyin Adéjọbí, kò jókòó sáàárín òǹwòran nìkan. Ó bá wọn rìn, ó bá wọn gun orí ìtàgé, ó sì kópa. Ìwé rẹ̀ jáde ní 2000, a sì ń kọ́ lára rẹ̀ títí di òní, torí pé ẹni tó ṣeré ló kọ ìtàn.

Àwọn tó ti di àgbà nínú àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣì wà láàárín wa. Ẹni tó ń wakọ̀ ẹgbẹ́, tó sì mọ bí a ṣe ń to pèpéle sínú ọkọ̀ kó má fọ́. Ẹni tó ń lu gángan. Obìnrin tó mọ bí wọ́n ṣe ń kun ojú iwin. Ẹni tó ń tan gáàsì kí iná mànàmáná tó dé ìlú. Bí ọ̀kan nínú wọn bá lọ, kò sí Lander tí yóò gbé ẹrù rẹ̀ wálé.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín sí

Ẹ̀yin òbí, ìyá tó wá bá mi lọ́jọ́sí, ìdáhùn mi nìyí. Ọmọ yín yóò kọ́ ijó, ṣùgbọ́n yóò mọ ibi tí ijó náà ti wá. Yóò kọ́ bí a ṣe ń fi owó kékeré gbé iṣẹ́ ńlá, bí a ṣe ń kó ènìyàn jọ kí wọ́n má jà, bí a ṣe ń jẹ́ kí iná tàn ní ìṣẹ́jú tó yẹ kó tàn. Yóò kọ́ bí a ṣe ń wo ènìyàn títí a ó fi mọ bó ṣe ń gbẹ́sẹ̀. Yóò sì di ẹni tó lè gba ẹrù ìran rẹ̀ lọ́wọ́ àgbà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọdún mẹ́rin kò pọ̀ jù fún un.

Ẹ̀yin aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́, ẹ má jẹ́ kí ìwé ẹ̀rí nìkan máa ṣí ilẹ̀kùn kíláàsì wa. Ẹ pe onílù, ẹ pe aránṣọ eégún, ẹ pe àgbà òṣèré wá kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí, kí ẹ sì san owó iṣẹ́ wọn fún wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ìwé eré tí adarí kọ nǹkan sí létí, àwòrán orí ìtàgé, aṣọ tí a ti wọ̀ tán: ẹ ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún wọn, kí òjò àti ikán má bà wọ́n jẹ́.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, iṣẹ́ tiyín ló kéré jù, òun náà ló sì ṣe pàtàkì jù. Kí olúkúlùkù yín wá àgbà onítíátà kan ní ìlú rẹ̀ kí sáà yìí tó parí. Ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa. Ẹ má bi wọ́n ní ìtàn eré nìkan. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe. Kí ni ẹ fi kun ojú? Báwo ni ẹ ṣe ń so aṣọ ìkélé? Nígbà tí òjò bá dé láàárín eré, kí lẹ máa ń ṣe? Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀, ẹ kọ ọ́, kí ẹ sì padà wá gbìyànjú rẹ̀ lórí ìtàgé títí yóò fi ṣe é ṣe. Ẹ má dúró de ìsinmi. Ẹ lọ bá wọn lọ́sẹ̀ yìí, nígbà tí ohùn ṣì wà lẹ́nu wọn.